Ṣé O Mọ̀? Àwọn Ère Tó Ń Gbé Ojú Abẹ́rẹ́

Ẹni tí yóò wo ìfun èèrà, yóò ní sùúrù. Ọmọ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ ni àwọn àgbà ń pa òwe yìí fún. Wọn ò retí pé kí ẹnikẹ́ni gbé èèrà kalẹ̀ níwájú kó máa wá ìfun rẹ̀ kiri lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láyé yìí tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn kò jìnnà sí i. Ère ni wọ́n ń gbẹ́. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan lé ọ látẹ́lẹwọ́, o lè rò pé eruku ni, kí o sì gbọn ọwọ́ rẹ nù. Fara balẹ̀, jẹ́ kí n ka díẹ̀ fún ọ nínú àrà tí wọ́n ń dá.

Ṣé o mọ̀ pé ọkùnrin kan fi irun irùngbọ̀n ara rẹ̀ ṣe ilé fún ère?

Willard Wigan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni. Ó mú ẹyọ irun kan nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó gbẹ́ inú rẹ̀ bí ẹni gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó wá fi fọ́nrán kan ṣoṣo láti ara kápẹ́ẹ̀tì gbẹ́ ọlẹ̀, ìyẹn ọmọ tó ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sínú irun náà. Ní ọdún 2017, ìwé Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ère tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe tó kéré tó o. Bí o bá fẹ́ mọ bó ṣe kéré tó, ya ojú ewé kan nínú ìwé àjákọ ọmọ iléèwé, kí o wo bó ṣe nípọn tó. Ó máa tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan. Ère ọlẹ̀ yẹn kò tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ilé èèrà ló kọ́kọ́ kọ́?

Ọdún 1957 ni wọ́n bí Wigan ní agbègbè Wolverhampton. Ọmọ Jàmáíkà ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tó dé iléèwé, ìwé kíkà kò wọ̀ ọ́ lórí rárá. Nígbà yẹn, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ kàn ń gba ọ̀nà tirẹ̀ ni. Olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́ di àpẹẹrẹ ẹni tó kùnà lójú gbogbo kíláàsì. Ó ti dàgbà gan-an kí àwọn dókítà tó sọ fún un pé ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́tísíìmù.

Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tó ń sá sọ́dọ̀ àwọn èèrà. Lójú tirẹ̀, àwọn èèrà kò ní ibi tí wọ́n máa sùn, ló bá ń fi ẹ̀ẹ́rún igi kọ́ ilé fún wọn. Nígbà tí ilé parí, ó rò ó pé ó yẹ kí onílé ní fìlà àti bàtà. Ìyá rẹ̀ rí àwọn ilé náà, kò bá a wí. Ohun tó sọ fún un ni pé bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe ń kéré sí i ni orúkọ rẹ̀ yóò ṣe máa tóbi sí i. Ọ̀rọ̀ ìyá ṣẹ. Ní ọdún 2007, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà ní kíláàsì ló di olóyè. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ọkàn agbẹ́rè fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀ tó le jù?

Tẹ ìka kan mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ kejì. Ohun tó ń lù kì, kì, kì yẹn ni ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì kiri ara. Ó dé ṣóńṣó ìka náà, ó sì ń mì ín díẹ̀díẹ̀. Ojú wa kì í rí i, nítorí kò sí ohun tí mímì bẹ́ẹ̀ lè bàjẹ́ nígbà tí a bá ń bó iṣu tàbí tí a bá ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun bíńtín di ńlá, ìlù ọkàn kan ṣoṣo dà bí ìgbà tí ilẹ̀ bá mì. Apá ère lè já, orí rẹ̀ sì lè fò lọ.

Wigan kò lè ní kí ọkàn rẹ̀ má lù, nítorí náà ó kọ́ bí a ṣe ń bá a ṣiṣẹ́. Yóò jókòó, yóò jẹ́ kí èémí rẹ̀ rọlẹ̀ títí ìlù náà yóò fi falẹ̀. Yóò wá máa fi irinṣẹ́ kan ère ní àárín ìlù kan àti ìkejì. Bí ọkàn bá ti lù, ọwọ́ dúró. Bó bá dákẹ́, ọwọ́ ṣe díẹ̀. Òru ló sì fẹ́ràn láti máa ṣiṣẹ́, nígbà tí ọkọ̀ ti dín lójú títì, nítorí bí ọkọ̀ ńlá kan bá kọjá níta, ìmìtìtì rẹ̀ lè gba ara tábìlì dé orí ère. Oṣù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lè lọ sí ère kan ṣoṣo.

Ṣé o mọ̀ pé ó ti fa ère ara rẹ̀ símú rí?

Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni. Ó ń ṣe ère ìtàn Alice, ọmọbìnrin inú ìwé àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ náà ti jókòó ti àwọn àlejò kan nídìí tábìlì tíì. Gbogbo wọn ti pé síbẹ̀, ó ku Alice. Bó ṣe fẹ́ gbé e sí àyè rẹ̀, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó mí sínú. Alice wọlé símú rẹ̀, kò sì jáde mọ́. Ìkanra kò lè ràn án lọ́wọ́, òógùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ti lọ. Ó kàn tún jókòó ni, ó gbẹ́ Alice mìíràn.

Ṣé o mọ̀ pé níbi tí àwọn agbẹ́rè bíńtín ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan kì í fẹ́ já bọ́?

Bí ìwọ bá ju òkúta sílẹ̀, yóò bọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ló ń fà á. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe ń kéré sí i, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń yára dín ju bí ara rẹ̀ ṣe ń dín lọ, títí yóò fi dé ibi tí ìwọ̀n kò ní agbára lórí rẹ̀ mọ́. Ohun mìíràn ló máa wá jọba: ìlẹ̀mọ́ra, àti irú iná tó máa ń wà lára nǹkan gbígbẹ. O ti rí iná yìí rí. Fi ìyarun oníke ya irun tó gbẹ dáadáa, kí o wá gbé e sún mọ́ ìwé tí o ti ya wẹ́wẹ́. Ìwé á fò mọ́ ọn.

Irú rẹ̀ gan-an ló ń yọ agbẹ́rè bíńtín lẹ́nu. Ó fẹ́ gbé ère sílẹ̀, ère lẹ̀ mọ́ irinṣẹ́. Ó yí irinṣẹ́ padà, ère fò sí ibòmíràn. Afẹ́fẹ́ tí eṣinṣin bá fi ìyẹ́ fẹ́ nígbà tó ń kọjá lọ tó láti gbé iṣẹ́ oṣù kan lọ pátápátá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ti fèrèsé pa, tí wọ́n sì máa ń pa ẹnu mọ́.

Ǹjẹ́ o mọ ibi tí wọ́n ti ń ra irinṣẹ́?

Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á. Fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe é. Wigan máa ń lẹ àfọ́kù dáyámọ́ńdì mọ́ orí abẹ́rẹ́ láti fi ṣe ọ̀bẹ. Bó bá fẹ́ kun ère ní ọ̀dà, irun kan láti ara eṣinṣin tó ti kú ni búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ohun tó ń gbẹ́ náà kò ju yanrìn, fọ́nrán náílọ́ọ̀nù, eruku àti wúrà bíńtín lọ. Òwú aláǹtakùn wà nínú ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣé o mọ̀ pé olórin ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí?

Hagop Sandaldjian, ọmọ Àméníà tí wọ́n bí ní Íjíbítì ní 1931, fáyólìn ló ń ta, ohun èlò tó jẹ́ ìbátan gòjé tiwa. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń jókòó àti bí a ṣe ń di ọ̀pá fáyólìn mú kí iṣan má bàa le. Ọ̀dọ̀ olórin mìíràn, Eduard Kazarian, ló ti rí iṣẹ́ ère bíńtín. Rò ó wò: ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí apá kò ṣe ní gbọ̀n lórí okùn fáyólìn ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà kó tó fọwọ́ kan ère rárá.

Ní 1980, ó kó lọ sí Los Angeles. Ère 33 ni àwọn ènìyàn lè rí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí wọ́n ń pè ní Museum of Jurassic Technology ní ìlú náà. Póòpù John Paul Kejì wà níbẹ̀, ó dúró nínú ojú abẹ́rẹ́. Napoleon náà wà nínú tirẹ̀. Òun náà, àárín ìlù ọkàn méjì ló máa ń ṣiṣẹ́. Ó lé ní ọdún kan tí ọ̀kan nínú àwọn ère yìí lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní 1990.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti wọ bàtà fún kòkòrò ara ajá?

Ní 1881, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà kan, Nikolai Leskov, kọ ìtàn àròsọ kan tí gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà mọ̀. Nínú rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi irin ṣe kòkòrò amùjẹ̀, irú èyí tó máa ń fò lára ajá, ó sì ń jó. Ọba Rọ́ṣíà kò fẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọnà yangàn lé orílẹ̀-èdè rẹ̀ lórí. Ó gbé kòkòrò náà fún àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú Tula. Nígbà tí wọ́n dá a padà, wọ́n ti kan bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni kan bàtà ẹṣin. Ọlọ́wọ́ òsì kan láàárín wọn ló rọ ìṣó rẹ̀. Àbùkù kan ló wà níbẹ̀: bàtà wúwo, kòkòrò kò lè jó mọ́.

Àròsọ ni Leskov pa, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò gbà kó parí síbẹ̀. Mykola Syadristy, ọmọ Ukraine tí wọ́n bí ní 1937, mú kòkòrò gidi, ó fi wúrà ṣe bàtà, ó sì wọ̀ ọ́ fún un. Anatoly Konenko ní ìlú Omsk àti Vladimir Aniskin ní Novosibirsk, tí àwọn méjèèjì ń gbé Siberia, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Láàárín àwọn oníṣẹ́ yìí, ẹni tí kò bá tíì wọ bàtà fún kòkòrò kò tíì gba fírídọ́ọ̀mù.

Ṣé o mọ̀ pé òwú aláǹtakùn ni wọ́n fi rán ìwé kan?

Syadristy yìí kan náà ló ṣe é. Ìwé àwọn ewì Taras Shevchenko, akéwì tí àwọn ará Ukraine fẹ́ràn jù lọ, ló sọ di ìwé olójú-ewé 12 tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ kò fẹ̀ tó mìlímítà kan níbùú lóròó. Ìka kò lè ṣí i. Irun tí wọ́n gbẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí ojú ewé. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọkùnrin yìí kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, lílúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi sì ni eré ìdárayá rẹ̀, eré tí ènìyàn kò lè ṣe láìmọ bí a ṣe ń ṣọ́ èémí ná. Àwọn iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ọgbà àwọn àlùfáà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Lavra ní ìlú Kyiv. Ọ̀wọ́ ràkúnmí wà láàárín wọn, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú ojú abẹ́rẹ́ kan. Ẹni tó bá ti ka Bíbélì yóò mọ ìdí tí àwọn àlejò fi máa ń rẹ́rìn-ín nídìí rẹ̀.

Aniskin ló wá fi iṣẹ́ ìwé náà dé góńgó. Ní 2016, ó gbé ìwé kan jáde tí òró rẹ̀ jẹ́ 0.09 mìlímítà, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 0.07. Orúkọ àwọn tó ti wọ bàtà fún kòkòrò ló kọ sínú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé káfíńtà kan ń gbẹ́ ère sí ojú pẹ́ńsù láìlo awò?

Dalton Ghetti ni, ọmọ Bràsíl tó ń gbé ní Bridgeport ní Amẹ́ríkà. Ohun dúdú tó ń kọ̀wé nínú pẹ́ńsù ló ń gbẹ́, kì í sì í lo ju abẹ, abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti ọ̀bẹ kékeré kan lọ. Kò sí awò lójú rẹ̀. Ó gbẹ́ lẹ́tà 26 ti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí orí pẹ́ńsù 26. Ọdún méjì àtààbọ̀ ló fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló ti kán mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Kì í jù wọ́n nù. Ó tò wọ́n sí ojú kan, ó sì ń pe ibẹ̀ ní itẹ́ òkú.

Kì í tà wọ́n náà. Ọ̀rẹ́ ló máa ń fún ní díẹ̀. Iṣẹ́ kan wà tó ń mi èmi lọ́kàn jù. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001 ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn bíi 3,000 ti kú, Ghetti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ̀kán omijé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀kán kan kò ju hóró ìrẹsì lọ. Èrò rẹ̀ ni pé kí gbogbo wọn para pọ̀ di ẹ̀kán omijé ńlá kan. Ẹlòmíràn ì bá kọ́ ère gàgàrà sí ojú títì. Káfíńtà yìí yàn láti ka òkú ní ẹyọ ẹyọ.

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé ju awò lọ?

Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù tó kú ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi, sọ nípa Callicrates kan tó ń fi eyín erin gbẹ́ èèrà, tí ẹlòmíràn kò sì lè rí ẹsẹ̀ èèrà náà. Èèrà náà ni wọ́n tún dé sí! Ó tún sọ nípa Myrmecides, tó gbẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin tí eṣinṣin kan lè fi ìyẹ́ bò mọ́lẹ̀.

Bí o bá ní ẹnu lásán ni Pliny ń fi sọ ọ́, ọ̀kan wà tí a ti fojú rí. Ní 2015, àwọn awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Cincinnati, tí Sharon Stocker àti Jack Davis ṣáájú wọn, hú sàréè jagunjagun kan jáde ní Pylos, ní ilẹ̀ Gíríìkì. Wọ́n rí òkúta kékeré kan níbẹ̀ tí ìdọ̀tí ti bò. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.6. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, ogun ni wọ́n rí lórí rẹ̀: jagunjagun kan ń gún ẹlòmíràn lọ́rùn, ẹnì kẹta ti ṣubú sílẹ̀. Wọ́n rí iṣan ẹsẹ̀ àti ọnà ara idà. Àwọn ìlà kan níbẹ̀ kò ju ìdajì mìlímítà lọ, ó sì ti lé ní 3,400 ọdún tí ẹnì kan ti gbẹ́ wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ń fi ère bíńtín gbàdúrà?

Ní nǹkan bí ọdún 1500 sí 1530, àwọn agbẹ́gilére ní agbègbè Netherlands ń fi igi kan tó le, tó sì dán, gbẹ́ bọ́ọ̀lù kékeré tí a lè fi ọwọ́ kan bò mọ́lẹ̀. Bí o bá ṣí i sí méjì, ìtàn inú Bíbélì ló kún inú rẹ̀: ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹṣin, ọ̀kọ̀, àti Jésù lórí àgbélébùú. Ọlọ́rọ̀ ló máa ń so ó mọ́ ìgbànú tàbí ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Ọba Henry Kẹjọ àti Catherine ìyàwó rẹ̀ ní irú rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù láyé lé ní 100. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó lè sọ bí ọ̀bẹ ṣe dé ìsàlẹ̀ ihò tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú nǹkan, irú èyí tí wọ́n fi ń wo inú ara aláìsàn, ló tú àṣírí ní ayé tiwa yìí. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá tò ó léra, wọ́n sì fi ìṣó onígi tó kéré ju hóró koríko lọ kàn án pọ̀.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé kóró èso ti di ọkọ̀ ojú omi rí?

Ní Ṣáínà, ní 1737, Chen Zuzhang gbẹ́ kóró èso ólífì kan di ọkọ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.4, gíga rẹ̀ 1.6. Ènìyàn 8 ló wà nínú ọkọ̀ náà, fèrèsé rẹ̀ sì ń ṣí, ó ń padé. Yí i padà, ewì kan ni wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀, àmì ọ̀rọ̀ Ṣáínà tó lé ní 300. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin ní Taipei dòní. Jámánì kò gbẹ́yìn. Ní ìlú Dresden, kóró èso ṣẹ́rì kan wà láàárín ìṣúra àwọn ọba àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ ojú ènìyàn sí jákèjádò ara rẹ̀. Kóró olórí 185 ni wọ́n ń pè é. Má wulẹ̀ kà á, ojú á ro ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnì kan gba owó ńlá lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan nítorí mọ́tò bíńtín?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 1959, Richard Feynman, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, ṣèlérí 1,000 dọ́là fún ẹni tó bá lè ṣe ẹ̀rọ mọ́tò tó ń yí, tí ìbú àti òró rẹ̀ kò sì ní kọjá 0.4 mìlímítà. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kó tó ṣeé ṣe, àwọn onímọ̀ ní láti ṣàwárí ọ̀nà tuntun. William McLellan kò wá ọ̀nà tuntun kankan. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́ ló ń fi irinṣẹ́ àwọn tó ń tún agogo ṣe àti máíkírósíkóòpù to ẹ̀yà 13 pọ̀. Ní 1960, ó gbé mọ́tò rẹ̀ dé, ó sì ń yí. Feynman san owó náà, inú rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ lásán ti ṣe ohun tó rò pé ìmọ̀ tuntun ló máa ṣe.

Ìmọ̀ tuntun náà dé nígbà tó yá. Ní 2001, Satoshi Kawata àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Osaka, ní Jàpáànù, fi ìtànṣán léésà ya akọ màlúù inú oje kan tó máa ń le bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Màlúù náà kò tóbi ju sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan lọ. Kò sí ọwọ́ tó kàn án. Irú ọ̀nà yẹn náà ni Jonty Hurwitz, tí wọ́n bí ní Johannesburg, gbà ṣe ère ènìyàn ní 2014. Ọ̀kan nínú wọn sọnù níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò rẹ̀, wọn ò sì rí i mọ́ dòní. Abẹ́rẹ́ tó lókùn nídìí ni kì í sọnù. Ère yẹn kò lókùn.

Ṣé o mọ̀ pé báàgì kan wà tó lè gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá?

Ní oṣù Kẹfà 2023, ẹgbẹ́ ọlọ́nà kan ní New York, MSCHF, ta báàgì obìnrin kan ní gbàǹjo. Wọ́n ya àmì Louis Vuitton sí i lára. Kò tó mìlímítà kan ní ìbú, ní òró, tàbí ní gíga. Wọ́n ní láti fi máíkírósíkóòpù kún un kí ẹni tó rà á lè rí ohun tó fi owó rà. Iye rẹ̀? 63,750 dọ́là. Bíbélì sọ ohun tó sọ nípa ọlọ́rọ̀, ràkúnmí àti ojú abẹ́rẹ́. Ti ọlọ́rọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ràkúnmí ti wọlé ní Kyiv. Báàgì ọlọ́rọ̀ náà sì lè kọjá.

Nínú gbogbo wọn, ẹ̀rọ lè ṣe èyí tó kéré jù, owó sì lè ra èyí tó wọ́n jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í di èémí mú, ọkàn rẹ̀ kì í lù. Ìdí nìyí tí màlúù tí kò ju sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ lọ fi ń yà wá lẹ́nu fún ìṣẹ́jú kan, tí ọmọ tó kọ́ ilé fún èèrà sì wà lọ́kàn wa pẹ́.

Nítorí náà, bí o bá mú abẹ́rẹ́ lálẹ́ òní láti rán bọ́tìnnì tó já, má tíì ki òwú bọ̀ ọ́. Gbé e sókè síbi iná, wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí o sì di imú rẹ mú. O ò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀.